Yíyan Ìbòrí Bàtà fún Kẹ̀kẹ́ àti Ọ̀kadà: Fún Òjò Ìkòròdú, àti fún Òtútù Òkè Òkun

Bí a bá mú ìbòrí bàtà lọ́wọ́ lọ́jà, ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń ṣe ni pé a ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ki. Kíki rẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ewé kókò fẹ́lẹ́, síbẹ̀ omi kì í dúró lára rẹ̀, ká má tíì sọ pé yóò gba ara rẹ̀ kọjá. Ibi mẹ́ta ni omi ń gbà dé inú bàtà ẹni tó bo ẹsẹ̀: ẹnu òkè níbi ọrùn ẹsẹ̀, ojú rírán pẹ̀lú síìpù, àti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá yẹ ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò kó tó sanwó ti yan dáadáa, ì báà jẹ́ fún òjò oṣù kẹfà ní Ìkòròdú tàbí fún yìnyín ní Kánádà.

Ẹni tó ń gun bàsíkùlù lọ síbi iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ là ń bá sọ̀rọ̀, àti ọlọ́kadà, àti èrò tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí a bá ti pe kẹ̀kẹ́, bàsíkùlù là ń wí, kì í ṣe Marwa. Ẹni tó jókòó sí etí Marwa nínú òjò mọ ohun tó ń jẹ òun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ju ti bàtà lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń sá fún

Òjò wa máa ń le jù ní oṣù kẹfà àti ìkeje, á rọlẹ̀ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á sì tún padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Bó ti wù kí òjò náà pọ̀ tó, ojú ọjọ́ kì í sábà lọ sílẹ̀ ju 20°C. Nítorí náà, òtútù kọ́ ni ọ̀tá ẹsẹ̀ níbí. Omi ni, ẹrẹ̀ ni, àti òógùn tó ń kó jọ sínú ohun tí a fi bo ẹsẹ̀. Àgbàrá tó ń ṣàn láàárín títì kì í sì í ṣe omi òjò nìkan. Ó ti gba inú gọ́tà kọjá, ó ti gba ẹ̀yìn ṣaláńgá ẹlòmíràn kọjá, ìtọ̀ eku sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní egbò lẹ́sẹ̀, tàbí tí ààrin ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń bó, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí irú omi bẹ́ẹ̀ kàn án.

Òkè òkun yàtọ̀. Níbẹ̀, òtútù ni olórí ogun, atẹ́gùn ni igbá-kejì, omi ló wá ṣìkẹta. Ohun tí wọ́n rán fún ogun yẹn kò bá tiwa mu.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Bí àwọn tó ń tú bélì òkìríkà bá gbé ìbòrí bàtà dúdú kan jáde, tó ki, tó rọ̀ bí fọ́ọ̀mù, tó ń nà bí a bá fà á, neoprene nìyẹn. Rọ́bà tí ilé iṣẹ́ DuPont ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1931 ni, tí wọ́n wá sọ di fọ́ọ̀mù tó kún fún ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké tí a ti dí pa. Aṣọ àwọn tó ń wẹ̀ nísàlẹ̀ òkun ni wọ́n fi ń rán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mú ẹsẹ̀ gbóná, kódà bí omi bá wọlé. Yí i padà, ẹ ó rí ihò ńlá méjì nísàlẹ̀: ọ̀kan níwájú fún irin tí wọ́n ń fi bàtà há mọ́ pẹ́dàlì, ọ̀kan lẹ́yìn fún gìgísẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ gba inú omi àdúgbò Àgírìkì ní Ìkòròdú kọjá nínú òjò, omi yóò gba ìsàlẹ̀ wọlé kíákíá, fọ́ọ̀mù náà yóò mu omi díẹ̀ sára, yóò wúwo, ẹsẹ̀ yóò sì máa sè nínú rẹ̀. Ó dára gan-an, àmọ́ ìlú mìíràn ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ fi pamọ́ fún ẹni tó ń rìnrìn-àjò, a ó padà sórí rẹ̀.

Irú tó wà

Èyí tó bá ọ̀nà Ìkòròdú mu jù ni ti ike PVC tó ní ìsàlẹ̀ tirẹ̀, tó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀, tó ní síìpù àti okùn fífà lókè. Ó dà bí bàtà tí a wọ̀ lé bàtà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní ihò kankan, a sì lè fi sọ̀kalẹ̀ rìn díẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ kì í gba ara rẹ̀, tí èèyàn bá wọ̀ ọ́ ju wákàtí kan lọ, òógùn yóò rin ìbọ̀sẹ̀.

Ti aṣọ náílọ̀n tí wọ́n fi nǹkan pa inú rẹ̀ fúyẹ́ jù ú lọ, ó ṣeé ká sínú àpò, ó sì bá ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ jìnnà mu. Ṣùgbọ́n ojú rírán ló ń pa á. Ẹ yí inú rẹ̀ síta: bí ẹ bá rí tééèpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà, ó dára. Bí ẹ bá rí òwú lásán, asẹ́ lẹ fẹ́ rà.

Ti silicone, èyí tó ń nà bí rọ́bà bàlúù, kò ní ojú rírán rárá, omi kò sì ní ibi tí yóò gbà àfi ẹnu. Ẹnu náà ni wàhálà rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ó tún ń yọ̀ lórí irin tó tutù, bí ìṣó tàbí eyín pẹ́dàlì bá sì gún un lẹ́ẹ̀kan, yóò ya lọ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tó ń lọ láti Sábó sí àdúgbò tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lè lò ó.

Ti náílọ̀n aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń wọ̀ ní ọsibítù, ẹ fi sílẹ̀ fún ọsibítù.

A óò sọ òótọ́ kan tí ẹni tó ń ta ìbòrí bàtà kò ní sọ. Bí omi ọ̀nà yín bá ń ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀, kò sí ìbòrí tó lè gbà yín. Bàtà òjò, ti rọ́bà gígùn tí àwọn bíríkìlà ń wọ̀, ni kí ẹ rà. Kí bàtà iṣẹ́ wà nínú náílọ̀n nínú báàgì. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí ilé iṣẹ́ ní Odógúnyán gba ọ̀nà tí èyí bá mu ju ohun tó kù nínú ìwé yìí lọ.

Ẹ wọn bàtà, ẹ má wọn ẹsẹ̀

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ara ìbòrí máa ń tan èèyàn jẹ. Bàtà nọ́ńbà 43 méjì lè wà, kí ọ̀kan jẹ́ kóńbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí àwo, kí èkejì jẹ́ bàtà ọ́fíìsì tẹ́ẹ́rẹ́. Ìbòrí tó gba ọ̀kan kò ní gba èkejì. Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí:

1. Ẹ mú bàtà tí ẹ ń wọ̀ jù lọ nígbà òjò. Ẹ gbé e lé orí páálí, ẹ fi bírò yí i ká, kí bírò náà dúró ṣánṣán.

2. Ẹ fi rúlà wọn gígùn rẹ̀ láti orí dé gìgísẹ̀. Má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí bàtà nọ́ńbà 43 bá tó 30 sẹ̀ǹtímítà níta, nígbà tí ẹsẹ̀ inú rẹ̀ kò ju 27 lọ.

3. Ẹ wọn ibi tó fẹ̀ jù níwájú, níbi ọmọ ẹsẹ̀.

4. Ẹ gé páálí náà, kí ẹ sì mú un lọ sọ́jà. Bí ẹ bá tì í bọ ìbòrí PVC, ó yẹ kí ó tẹ́jú sílẹ̀ láìká ní etí, kí ó sì ku bíi sẹ̀ǹtímítà kan níwájú. Bí ó bá ku ju 2 lọ, imú ìbòrí náà yóò máa ká sábẹ́, a sì máa há sí pẹ́dàlì. Ti silicone àti neoprene ń nà, wọn kò nílò àyè.

Lórí kẹ̀kẹ́ kékeré, ohun kan tún wà. Ìbòrí ń mú bàtà gùn sí i, bí ẹ bá sì yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ wà níwájú, imú rẹ̀ lè kan táyà iwájú. Ẹ dán an wò ní àgbàlá kí ẹ tó bọ́ sí títì.

Ẹnu òkè

Ibí yìí ni omi púpọ̀ jù ń gbà, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn kì í wò. Òjò ń rọ̀ sí orúnkún, ó ń gba ara ṣòkòtò sọ̀ kalẹ̀, ìbòrí sì lanu sílẹ̀ dè é bí ife. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ẹsẹ̀ yóò ti wà nínú ìkòkò omi, bẹ́ẹ̀ ìbòrí náà kò jò rárá. Ẹni náà yóò wá padà lọ bá òǹtajà jà.

Ẹ wo bí àwọn káfíńtà ṣe ń to páànù: èyí tó wà lókè ló ń kó lé ti ìsàlẹ̀ lórí, kò sí ẹni tó ń tò ó sódì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹsẹ̀. Ṣòkòtò aṣọ òjò gbọ́dọ̀ wà níta, kí ó bo ẹnu ìbòrí mọ́lẹ̀ ní ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ẹni tó ki ṣòkòtò bọ inú ìbòrí kó lè rí mọ́ ti to páànù sódì.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń rà, kí gíga ìbòrí láti ilẹ̀ tó 25 sẹ̀ǹtímítà, kí àyè lè wà fún ṣòkòtò láti bò ó. Kí okùn fífà tàbí rọ́bà wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun àlẹ̀mọ́ tó ń dún “ṣàrà” bí a bá fà á dára, ṣùgbọ́n bí ẹrẹ̀ bá ti wọ eyín rẹ̀, kì í mú mọ́.

Bí ẹ kò bá ní ṣòkòtò òjò, ẹ lọ bá fọganáísà kó bá yín gé túùbù ọ̀kadà àtijọ́. Ẹ wọn àyíká ẹsẹ̀ yín díẹ̀ sókè ẹnu ìbòrí. Ká ní ó jẹ́ 26 sẹ̀ǹtímítà, ẹ jẹ́ kó gé e ní 27, kó fẹ̀ tó 4. Sẹ̀ǹtímítà 3 yóò kó lé ara wọn níbi tí yóò ti fi sólúṣọ̀n lẹ̀ ẹ́, òrùka tó kù yóò jẹ́ 24, ìyẹn dín ní 2 sí ẹsẹ̀ yín. Ìdín méjì yẹn ló ń jẹ́ kó mú. Ẹ kó o sí ẹsẹ̀ kí ẹ tó wọ bàtà, ẹ tì í sókè, bí ẹ bá ti wọ ìbòrí tán, ẹ wá fà á wálẹ̀ kí ìdajì rẹ̀ wà lórí ìbòrí, kí ìdajì wà lórí awọ ẹsẹ̀. Lórí awọ ni o, kì í ṣe lórí ṣòkòtò, nítorí aṣọ yóò mu omi gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ ká ṣòkòtò sókè orúnkún tàbí kí ẹ wọ péńpé. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè gba abẹ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, ó ti fún jù.

Síìpù

Síìpù ẹ̀yìn dára ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, torí táyà iwájú ń ta omi sí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn síìpù náà: ó yẹ kí pèlébé rọ́bà kan wà nínú rẹ̀ tó so apá méjèèjì pọ̀, kí omi tó bá gba eyín síìpù bá a níbẹ̀. Bí kò bá sí, síìpù náà á jò, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Kí eyín rẹ̀ jẹ́ ike, kì í ṣe irin. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ní Ẹbúté àti Ìjẹ̀dẹ̀ kì í pẹ́ sọ irin síìpù di ìpẹtà. Ilẹ̀ pupa wa pàápàá ní iyanrìn kéékèèké tó máa ń jẹ eyín síìpù bí ayùn. Lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbọn ún, kí ẹ sì fi àbẹ́là pa á lójú. Òróró kọ́ o, òróró ń fa iyanrìn mọ́ra.

Ìsàlẹ̀

Omi kì í ṣe ìṣòro ìsàlẹ̀ PVC, yíyọ̀ ni. Ẹ gbé ìka lé e: bí ó bá dán bí àwo, ẹ gbé e sílẹ̀. Kí ó ní ìlà tó jinlẹ̀ ní bíi mìlímítà 2, kí ìlà náà sì dábùú ẹsẹ̀, kì í ṣe kó gùn lọ sí iwájú. Ẹ da omi sí orí táìsì, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ dúró lórí rẹ̀, kí ẹ yí gìgísẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá yọ̀ lórí táìsì, yóò yọ̀ lórí pẹ́dàlì irin, ẹsẹ̀ tó bá yọ̀ lórí pẹ́dàlì nígbà tí ẹ dìde dúró láti gun òkè sì lè gbé yín lulẹ̀ sí iwájú mọ́tò.

Pẹ́dàlì tó ní eyín ṣóńṣó máa ń jẹ ìsàlẹ̀ ìbòrí níbi ọmọ ẹsẹ̀ kó tó jẹ ibòmíràn. Ẹ fi rọ́bà pẹlẹbẹ bo pẹ́dàlì náà ní àkókò òjò, tàbí kí ẹ lo pẹ́dàlì onírọ́bà ti àwọn àgbàlagbà, èyí tó dára jù nínú ẹrẹ̀ lójú tiwa.

Ìdánwò píọ̀ wọ́tà

Ẹ ra ẹyọ kan ṣoṣo kí ẹ tó ra fún gbogbo ilé. Ẹ da píọ̀ wọ́tà kan, 50 cl, sínú ẹsẹ̀ kan rẹ̀. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ẹ gbé e dání lókè rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú kí omi dé imú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn kí ó dé ìdí síìpù. Ibi tí ìwé bá ti tutù ni ibi tó ń jò, ẹ fi bírò sàmì sí i níta. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ ibì kan lójú rírán, ó ṣeé tún ṣe. Bí ó bá ń sun láti ojú rírán gbogbo, ẹ dá a padà. Ẹ ṣe èkejì náà, torí ọ̀tún àti òsì kì í bára dọ́gba.

Fún ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn

PVC àti sàlẹ́ńsà kò lè gbé pọ̀. PVC ń rọ̀ kí ooru tó dé ti omi híhó, sàlẹ́ńsà ọ̀kadà tó ti ṣiṣẹ́ sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Lórí Bajaj Boxer, ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà wà. Nítorí náà, ìbòrí ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń kọ́kọ́ yọ́, pàápàá ti èrò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé fútúrẹ́ẹ̀sì dáadáa. Ike tó yọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ara bí ó bá kàn án, kò dà bí ooru lásán. Ẹ rí i pé irin tó bo sàlẹ́ńsà ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá ti já, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó ronú ìbòrí bàtà.

Òsì ni jíà. Ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ojú kan náà lórí ìbòrí ló sì ń fara gbá a. Ẹ lẹ àlẹ̀mọ́ kan síbẹ̀ kó tó ya, kó fẹ̀ tó 5 sẹ̀ǹtímítà, kó gùn tó 7. Kí ẹ tó bọ́ sí ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ wọ ìbòrí, ẹ yí jíà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí imú ìbòrí bá há sábẹ́ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan péré nínú mẹ́wàá, ó ti tóbi jù. Ẹ má sọ pé ẹ ó máa rọra ṣe é.

Wíwọ̀ ọ́

Ẹ di okùn bàtà, kí ẹ ki ìyókù rẹ̀ bọ inú bàtà. Ìdí ni pé okùn tó wú lábẹ́ ìbòrí máa ń lu ú títí yóò fi ya. Ẹ ṣí síìpù títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ ki imú bàtà wọlé ná, kí ẹ wá fa ẹ̀yìn gba gìgísẹ̀. Ẹni tó bá fi síìpù ṣe okùn ìfà yóò fa eyín rẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fa okùn òkè, kí ẹ sì jẹ́ kí orí okùn àti ike tó ń dì í mú wà ní apá ìta ẹsẹ̀, nítorí apá inú ni ṣéènì àti apá pẹ́dàlì wà. Ṣòkòtò òjò ni ìgbẹ̀yìn. Ti ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí kẹ̀kẹ́, ẹ fi rọ́bà dì í kí ṣéènì má bàa gbá a.

Alẹ́ àti ìdájí lẹ ó nílò ohun tó ń tàn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gìgísẹ̀ ìbòrí. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò lójú iná mọ́tò, awakọ̀ tó wà lẹ́yìn yóò mọ̀ pé èèyàn ló ń gun kẹ̀kẹ́ níwájú òun, kì í ṣe òpó. Lílẹ̀ ni o: ẹni tó gbé e fún télọ̀ rán ti lu ihò ogójì sí ara ohun tó fi owó rà kí omi má bàa wọlé.

Bí ọ̀nà bá já sí ìlú òtútù

Ọmọ Ìkòròdú tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ fún èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Toronto ni neoprene inú òkìríkà yẹn wà fún. Ṣùgbọ́n ẹ má rà á síbí fi ránṣẹ́ sí i, àfi bí bàtà tí yóò wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, torí bàtà là ń wọ̀n.

Bí ojú ọjọ́ bá wà láàárín 10 sí 15°C, ìbòrí aṣọ fẹ́lẹ́ tàbí èyí tó bo imú bàtà nìkan ti tó. Láàárín 5 sí 10, kí ó rí èyí tí atẹ́gùn kò lè gbà kọjá. Ní 5 lọ sísàlẹ̀ dé òdo, neoprene tó nípọn tó mìlímítà 3 sí 5. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ òdo fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, bàtà òtútù gidi ló nílò, kì í ṣe ìbòrí. Kí ó sì ka atẹ́gùn mọ́ ọn: bí ojú ọjọ́ bá wà ní òdo, tí atẹ́gùn 20 kìlómítà ní wákàtí kan ń fẹ́ lù ú, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Kánádà sọ pé yóò ṣe ara bí ìgbà tó jẹ́ -5. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú atẹ́gùn yẹn fúnra rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé èèyàn yóò wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta sínú bàtà tó ń gba ẹyọ kan. Bàtà yóò fún ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ọmọ ẹsẹ̀, òtútù yóò sì mú un ju ẹni tó wọ ẹyọ kan lọ. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn kan tó nípọn, nínú bàtà tó láyè, ló tó. Kí ó sì wọ̀ ọ́ kó tó wọn bàtà fún ìbòrí.

Ìsàlẹ̀ tún ń dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀. Bàtà kẹ̀kẹ́ tó ń há mọ́ pẹ́dàlì ní ihò nísàlẹ̀, òtútù irin ń gba ibẹ̀ wọlé tààrà. Kí ó yọ aṣọ inú bàtà, kí ó fi tééèpù tó nípọn dí ihò náà láti inú, kí ó gé páálí fóìlì tí wọ́n fi ń di oúnjẹ sí ìwọ̀n ẹsẹ̀, kí ó tẹ́ ẹ síbẹ̀, kí ó wá dá aṣọ inú bàtà padà sórí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ń jẹ́ kí òógùn jáde tí kì í jẹ́ kí omi wọlé yóò gbọ́ orúkọ Gore-Tex. Ohun tó mú un ṣeé ṣe ni pé ní 1969, Robert Gore fa ike PTFE gbígbóná gbùn-ùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì nà di awọ tó kún fún ihò tí omi ò lè gbà, àmọ́ tí ọ̀rinrin òógùn lè gbà. Ó dára, ó wọ́n, ẹrẹ̀ tó bá dí i lójú sì ń sọ ọ́ di PVC lásán. Fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri, neoprene ni a ó ní kó rà.

Bí ọmọ ẹsẹ̀ bá kú, tó sì funfun, kí ó wọlé. Kó má ra á, kó má ṣe gbé e sún mọ́ iná tàbí hítà: ẹsẹ̀ tó ti kú kì í mọ ìgbà tó bá ń jóná. Inú omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́, 37 sí 39°C, ni kó ki ẹsẹ̀ náà bọ̀. Bí kò bá padà bọ̀ sípò, ọsibítù ni.

Gbígbẹ àti títún ṣe

Ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ ìwẹ̀ ṣan inú àti ìta. Bíliṣì kò dára fún ìkankan nínú wọn. Ẹ yí inú síta, ẹ sá a sábẹ́ ibòji. Oòrùn ọ̀sán ń mú PVC gan, ó sì ń jẹ neoprene. Ẹ ki ìwé ìròyìn sínú bàtà fúnra rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì. Bí PVC bá gbẹ, ẹ wọ́n atíkè díẹ̀ sí i kó má bàa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kí ẹ ká a róbótó. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ bí aṣọ, torí ojú ibi tó ká sí ni yóò ti là.

Lílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọnù. Sólúṣọ̀n fọganáísà kò dúró lára PVC, rọ́bà ni wọ́n ṣe é fún. Yóò lẹ̀ lójú yín, yóò sì ṣí bí èèpo ẹyin lọ́jọ́ kejì. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tún ike tí à ń fẹ́ atẹ́gùn sí ṣe, bíi ti adágún ìwẹ̀ ọmọdé, ni kí ẹ bèèrè, àlẹ̀mọ́ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ PVC. Fún neoprene, gọ́ọ̀mù pupa rẹ́súrẹ́sú ti àwọn ṣúmékà bá a mu gan-an, torí irú rọ́bà kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ fọ ojú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ pa gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú méjèèjì. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí ẹ tó pa wọ́n dé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹni tó bá pa á dé nígbà tó ṣì tutù ló máa ń sọ pé gọ́ọ̀mù náà ayédèrú ni. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tó kan omi.

Ọlọ́kadà yóò rí i pé ìbòrí òsì ló sábà ń parí kó tó kan ọ̀tún, nítorí jíà. Bí ẹ bá fẹ́ràn irú kan, ẹ ra méjì ìwọ̀n kan náà. Èyí tó bá kọ́kọ́ bàjẹ́, ẹ má jù ú nù: ara rẹ̀ ni ẹ ó ti máa gé àlẹ̀mọ́ fún èyí tó kù.